Fọ́sífétì tí a so mọ́lẹ̀ àti èyí tó já: ọ̀rọ̀ wàrà, pupa ẹyin àti kíndìnrín

Bébà kan ni ìyá náà kọ́kọ́ fà yọ nínú báàgì kó tó jókòó. Wọ́n ti ká a sí mẹ́rin, epo ti ta sí i ní igun kan. Bírò ni wọ́n fi kọ ọ́: má jẹ ẹyin, má mu mílíìkì, má jẹ wàrà, má jẹ ẹran, má jẹ ẹja, má jẹ ẹ̀wà. Ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti fún un. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó, nítòsí ọjà Sandgrouse, ni ọmọ rẹ̀ ti gbé e kọjá afárá wá bá mi ní Yábàá. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi pa òfin bébà yẹn mọ́. Ó ti rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ara sì ń yún un débi pé ojú èékánná wà ní apá rẹ̀ bí ẹni tó ti inú ẹ̀gún jáde. Mo ṣí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Fọ́sífétì rẹ̀ ṣì ga fíofío.

"Ọmọ mi," ló wí, "kí ló tún kù tí mi ò ní jẹ?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí dọ́kàn, nítorí pé èmi náà ti fún àwọn èèyàn ní irú bébà bẹ́ẹ̀ rí, lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìmọ̀ràn oúnjẹ fún àwọn aláìsàn kíndìnrín. Ó rọrùn láti kọ. Gbogbo ohun tí ìwé bá ti sọ pé ó ní fọ́sífétì, ṣáà ti fi orúkọ rẹ̀ sí i, kí o ní kí aláìsàn má fọwọ́ kàn án. Ohun tí kò yé mi tó nígbà náà ni mo fẹ́ fi gbogbo ọ̀rọ̀ òní ṣàlàyé: iye fọ́sífétì tó wà nínú oúnjẹ nìkan kọ́ ló yẹ ká máa wò, bó ṣe wà níbẹ̀ ni. Ṣé wọ́n so ó mọ́ nǹkan ni, àbí ó ń rìn kiri láìní okùn lọ́rùn? Ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn kì í jẹ oko olóko kọjá ibi tí okùn rẹ̀ dé. Èyí tó já okùn ni ká máa lé.

Ẹyọ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kan tí ọ́síjìn mẹ́rin yí ká ni à ń pè ní fọ́sífétì. Kì í ṣe ọ̀tá ara rárá. Nínú egungun àti eyín ni nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ara wa wà. Ìyókù wà nínú ẹran ara àti sẹ́ẹ̀lì, díẹ̀ péré ló ń yí kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí 700 mìlígíráàmù ni àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le nílò lóòjọ́. Bó bá jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kíndìnrín rẹ̀ á da àpọ̀jù sínú ìtọ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ìdí nìyí tí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa kò fi ní mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ fọ́sífétì títí ayé rẹ̀.

Purotéènì ní tirẹ̀ dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ni ara fi ń sín in. Mẹ́ta nínú wọn ni fọ́sífétì sábà máa ń kọ́ mọ́: sẹ́ríìnì, tirioníìnì àti tàírósíìnì. Bó bá ti kọ́ síbẹ̀, kì í ṣe pé ó lẹ̀ mọ́ ọn bí iyọ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀pà sísun. Ó ti di ara ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ẹ fi omi ṣàn án, kò ní ṣí. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń gé nǹkan tàbí tó ń so ó pọ̀, ló máa ń já a.

Ohun tí ojú lásán lè rí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn wàrà. Obìnrin Fúlàní kan wà ní Àgége tí mo máa ń dúró wò níbi tó ti ń ṣe é. Iná èédú rẹ̀ kì í pọ̀. Ó gbé ìkòkò omi wàrà ka orí rẹ̀, ó ya ewé bọ́mubọ́mu mélòó kan pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, oje funfun ń kán tótó sí i lọ́wọ́. Ó gún un, ó bu omi wàrà díẹ̀ sí i, ó sẹ́ ẹ, ó wá da ohun tó sẹ́ náà padà sínú ìkòkò. Lẹ́yìn ìyẹn, kò kánjú. Ó ń fi ìgbákọ ro ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Fún ìgbà díẹ̀ ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan, àfi bí iná bá ti mú un dáadáa tí ojú rẹ̀ á kàn ya lẹ́ẹ̀kan náà: funfun á máa dì lọ sápá kan, omi tó mọ́ gaara tó fi díẹ̀ pọ́n bí omi ewé á jáde lápá kejì. Ó bu èyí tó dì sínú agbọ̀n kékeré, omi ń ro dànù, nígbà tó sì máa yọ ọ́, ojú agbọ̀n ti wà lára wàrà bí ilà lójú ọmọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò yẹn? Nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún purotéènì omi wàrà màlúù ló jẹ́ késíìnì. Purotéènì tó ru fọ́sífétì ni késíìnì, ó sì rù ú gan-an. Oríṣi kan nínú rẹ̀ ní fọ́sífétì mẹ́jọ lórí okùn kan ṣoṣo, òmíràn ní márùn-ún. Ọwọ́ tí fọ́sífétì wọ̀nyí nà jáde ni kálísíọ́mù máa ń dì mú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún késíìnì ṣe ń kóra jọ di ìdì kéékèèké, tí kálísíọ́mù àti fọ́sífétì wà nínú ìdì náà bí owó inú gèlè. Àwọn ìdì wọ̀nyí ló ń tú ìmọ́lẹ̀ ká tí omi wàrà fi funfun. Nínú lítà kan, nǹkan bí 1,200 mìlígíráàmù kálísíọ́mù ló wà. Bí ẹ bá da iye kálísíọ́mù bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ fọ́sífétì nínú omi lásán, á di bí ẹfun, á sì rọ̀ sísàlẹ̀ ife. Ṣùgbọ́n abo màlúù ń gbé e sínú ọmú, ọmọ rẹ̀ ń mu ún, kò sì di òkúta sọ́nà. Késíìnì ló so ó mọ́lẹ̀.

Oríṣi késíìnì kan wà ní ẹ̀yìn ìdì náà, tí fọ́sífétì rẹ̀ kì í sábà ju ẹyọ kan lọ. Ìrù rẹ̀ yọ síta bí irun orí. Irun yìí ni kì í jẹ́ kí ìdì kan fara kan èkejì. Ẹ́ńsáìmù inú oje bọ́mubọ́mu wá ṣe bí onígbàjámọ̀, ó fá irun náà kúrò; iná sì bá a ṣe é. Nígbà tí orí gbogbo wọn ti dán, wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ohun tí obìnrin náà ń bù sínú agbọ̀n nìyẹn. Púpọ̀ nínú fọ́sífétì tó wà lára késíìnì àti kálísíọ́mù tó dì mú bá wọn dì síbẹ̀.

Ti nónò tí wọ́n ń dà sórí fúrà yàtọ̀. Kíkan ló mú un dì. Bí omi wàrà bá ṣe ń kan sí i, kálísíọ́mù á máa já kúrò lọ́wọ́ fọ́sífétì, á máa bọ́ sínú omi, títí tí késíìnì ò fi ní agbára láti dúró nínú omi mọ́. Nítorí náà omi orí nónò ní kálísíọ́mù ju omi tó ń ro lára wàrà bọ́mubọ́mu lọ. Mo mọ àwọn ìyá tó ń da omi yẹn nù pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Fún ọmọ tí ara rẹ̀ dá, ẹ má dà á nù.

Ní ti aláìsàn kíndìnrín, ohun tí èyí ń sọ ni pé wàrà kékeré kan kò kéré tó bí ojú ṣe rí i: omi ti lọ, fọ́sífétì ṣẹ́kù. Dídín kò sì mú un kúrò. Mi ò ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹ́. Mo ní kẹ́ ẹ ka á mọ́ ẹran ọjọ́ yẹn, kí ẹ má fi ṣe ìpápánu lórí ẹran.

Ẹyin ló tún wá lẹ́yìn wàrà, ó sì ya èmi fúnra mi lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Purotéènì kan wà nínú pupa ẹyin tó ń jẹ́ phosvitin. Ìlẹ̀kẹ̀ 217 ló wà lórí okùn rẹ̀ nínú ẹyin adìẹ, 123 nínú rẹ̀ sì jẹ́ sẹ́ríìnì, tí fọ́sífétì kọ́ sí lára ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo purotéènì yẹn ló jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ìdí rẹ̀ kò farasin: òròmọdìẹ ni wọ́n dì í fún. Láti ara èèpo ẹyin ni yóò ti fa kálísíọ́mù egungun rẹ̀, láti inú pupa ni yóò ti fa fọ́sífétì.

Phosvitin yìí kan náà ló di irin inú pupa ẹyin mú ṣinṣin. Bí ẹ bá se ẹyin pẹ́ jù, tí ẹ bù ú sí méjì, ẹ máa rí òrùka kan tó dà bí àwọ̀ ewé tó ti ṣú yí pupa náà ká. Irin inú pupa ló pàdé imí ọjọ́ inú funfun níbẹ̀. Kò ní májèlé nínú, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tí phosvitin bá dì mú, inú wa kì í rí púpọ̀ gbà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi pupa ẹyin ṣe oògùn àìtó ẹ̀jẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wo funfun. Pupa ẹyin ńlá kan ní nǹkan bí 65 mìlígíráàmù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Funfun ẹyin kan náà ní nǹkan bíi márùn-ún péré, purotéènì inú rẹ̀ sì ju ti pupa lọ! Bébà tí wọ́n fún ìyá náà ní kó má jẹ ẹyin. Oúnjẹ tó dára jù lọ fún un, tó wà ní gbogbo ìsọ̀ láti Ìdúmọ̀tà dé Oyìngbò, ni wọ́n fi òfin dí i lójú mọ́. Mo bínú sí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì fi pamọ́. Aláìsàn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílò purotéènì ju ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ẹ̀rọ máa ń fa díẹ̀ jáde lára rẹ̀ nígbàkígbà tó bá dùbúlẹ̀ tì í. Ẹsẹ̀ wíwú ìyá yẹn kì í ṣe ti omi nìkan. Àìjẹun wà nínú rẹ̀.

Látinú ẹyin náà ni àwọn onímọ̀ ti rí ọ̀nà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1906 ni Phoebus Levene rí fọ́sífétì lára vitellin, purotéènì inú pupa ẹyin, nílùú New York. Lọ́dún 1932 ni òun àti Fritz Lipmann wá fi hàn pé ara sẹ́ríìnì ló kọ́ sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rò pé oúnjẹ ọmọ lásán ni, pé abiyamọ kàn fi pamọ́ sínú ẹyin tàbí ọmú. Àfi ìgbà tó di ọdún 1955 sí 1956 tí Edmond Fischer àti Edwin Krebs, ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, rí i pé ara gbogbo wa ló ń so fọ́sífétì mọ́ purotéènì tó tún ń já a, láti fi máa darí iṣẹ́ wọn. Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1992 lórí ìmọ̀ ìṣègùn, àwọn méjèèjì ni wọ́n fún.

Ẹni tó bá mọ dánfó máa tètè lóye rẹ̀. Dánfó wà ní Ojúẹ̀lẹ́gbà, ẹ́ńjìnnì ń kù, kò lọ. Kọ́ńdọ́ fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀ gbàà, awakọ̀ tẹ iná. Ìgbá yẹn ni fọ́sífétì. Purotéènì náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó pé pérépéré, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ títí ẹ́ńsáìmù kan fi fi fọ́sífétì gbá a lára. Nígbà tí ẹ bá ń sáré lé ọkọ̀, ẹ̀rù tó bà yín ti rán iṣẹ́ sí ẹran ẹsẹ̀. Wọ́n so fọ́sífétì mọ́ ẹ́ńsáìmù tó ń tú ṣúgà tí ara kó pamọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ìṣẹ́jú kan náà, wọ́n so fọ́sífétì mọ́ ẹ́ńsáìmù kejì tó ń kó ṣúgà pamọ́, ìyẹn sì dáwọ́ dúró. Gbígbá kan náà, ọkọ̀ kan lọ, èkejì dúró. Bí ẹ bá ti jókòó tẹ́ ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ́ńsáìmù mìíràn á já fọ́sífétì náà kúrò.

Nǹkan bí 500 ẹ́ńsáìmù tó ń so fọ́sífétì mọ́ purotéènì ló wà nínú ara èèyàn. Bí ọ̀kan bá ya wèrè tí kò dáwọ́ gbígbá dúró, àrùn ló ń dà. Oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Imatinib, oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2001, ìdí ẹ́ńsáìmù yẹn ló lọ dí, ó sì sọ àrùn tó ń pa èèyàn di ohun tí ọ̀pọ̀ ń lo oògùn sí tí wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn gùn, kì í ṣe iṣẹ́ tèmi. Mo kàn mẹ́nu bà á kí ẹnikẹ́ni má bàa tìtorí ìkílọ̀ mi sá fún fọ́sífétì bí ẹni ń sá fún májèlé ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ẹ̀jẹ̀. Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé kálísíọ́mù àti fọ́sífétì inú omi lásán á di ẹfun. Kálísíọ́mù wà nínú ẹ̀jẹ̀, fọ́sífétì wà níbẹ̀, késíìnì kò sì sí. Kí ló wá ń dì wọ́n mú? Purotéènì kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, tó ń jẹ́ fetuin, wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó máa ń gbá wọn mọ́ra kí wọ́n má bàa dì. Ẹnu wa náà ní tirẹ̀: purotéènì inú itọ́ kan tó ru fọ́sífétì ni kì í jẹ́ kí kálísíọ́mù itọ́ di òkúta. Ṣùgbọ́n agbára fetuin ní ibi tó mọ. Nígbà tí kíndìnrín kò bá lè da fọ́sífétì nù mọ́, tó ń ga lójoojúmọ́, fetuin á rẹ̀wẹ̀sì, fetuin àwọn aláìsàn wọ̀nyí sì máa ń kéré sí ti ẹlòmíràn. Ẹfun á wá máa lẹ̀ mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀, títí dé inú ọkàn. Egungun á máa tú kálísíọ́mù tirẹ̀ sílẹ̀, á di ẹlẹgẹ́. Ara á máa yún. Nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó le, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì máa ń wà láàárín 2.5 sí 4.5 mìlígíráàmù nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀. Ti ìyá náà ti kọjá méje.

Báwo ló ṣe máa kọjá méje lára ẹni tí kò jẹ ẹran, tí kò jẹ ẹyin, tí kò jẹ ẹ̀wà?

Mo ní kó sọ ohun tó jẹ lánàá fún mi láti àsùbáà. Tíì àti búrẹ́dì, mílíìkì ò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi páúdà funfun kan tó ń rọ́pò mílíìkì sí i. Mínírà dúdú méjì, "torí pé kò sí purotéènì nínú ìyẹn." Búns tí wọ́n fi páúdà ìwúkàrà ṣe. Ní alẹ́, nígbà tí ebi fẹ́ pa á kú, sọ́séèjì inú ọ̀rá, torí pé wọn ò kọ sọ́séèjì sórí bébà. Ọmọ rẹ̀ ló ń rà á fún un, tìfẹ́tìfẹ́.

Ibẹ̀ ni ewúrẹ́ tó já okùn wà. Fọ́sífétì tó wà lára purotéènì ẹran, ẹja, wàrà àti ẹyin, ẹ́ńsáìmù inú ìfun ní láti kọ́kọ́ já a kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í rí gbogbo rẹ̀ já; nǹkan bí ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń wọlé. Ti ẹ̀wà àti àgbàdo tilẹ̀ kéré sí i, torí inú nǹkan mìíràn tó ń jẹ́ phytate ló wà níbẹ̀, ara wa kò sì ní ẹ́ńsáìmù tó lè tú u dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tí ilé-iṣẹ́ bù sínú oúnjẹ bí ẹni bu iyọ̀, okùn kankan kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún tó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, kíá.

Wọ́n ń lò ó fún iṣẹ́ gidi. Òun ni kì í jẹ́ kí mílíìkì inú agolo dì, òun ló ń mú omi dúró nínú ẹran tí wọ́n lọ̀, òun ló ń mú búns wú bí wọ́n bá fi páúdà ìwúkàrà ṣe é, òun ló ń fún mínírà dúdú ní kíkan tó ń ta ahọ́n. Púfù-púfù tí wọ́n fi yíìsì wú kò nílò rẹ̀. Ó lè má pọ̀ nínú ẹyọ igo kan, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kọ́ ni èèyàn ń mu, ojoojúmọ́ sì ni.

Ọ̀pọ̀ páálí kì í kọ iye rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ, ní lẹ́tà wínníwínní, níbi tí wọ́n to èròjà sí. Ẹ wá lẹ́tà mẹ́rin yìí nínú ọ̀rọ̀ gígùn èyíkéyìí: p-h-o-s. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà ni wọ́n kọ, ẹ wo E338, E339, E340, E341, E450, E451 àti E452. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè ní kí ọmọ bá òun wò ó ní ìsọ̀ kí ó tó sanwó. Nọ́ńbà NAFDAC ń sọ pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé ó bá kíndìnrín tó ń ṣàárẹ̀ mu, àwọn èèyàn sì máa ń fi ọ̀kan ṣe èkejì.

Mo fa bébà ìyá náà sún mọ́ra, mo fi bírò pupa gé ohun tó wà níbẹ̀, mo kọ tuntun. Funfun ẹyin méjì lóòjọ́, sísè tàbí dídín pẹ̀lú àlùbọ́sà; pupa rẹ̀, ẹyọ mélòó kan lọ́sẹ̀, kì í ṣe lójoojúmọ́. Ẹja tútù tàbí ẹran bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láìka ìka, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹran náà, kí wọ́n gé e kéékèèké, kí wọ́n sè é nínú omi púpọ̀, kí wọ́n da omi yẹn nù kí wọ́n tó fi ẹran náà se ọbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fajú ro níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti da omi ẹran nù nínú ilé Yorùbá, omi ẹran ni adùn ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú omi yẹn ni apá kan fọ́sífétì wà. Ẹ̀wà, ṣíbí ìbùjẹ mẹ́rin, tí a ti rẹ tí a sì da omi rẹ̀ nù, níwọ̀n ìgbà tí potásíọ́mù, èròjà mìíràn tí kíndìnrín máa ń dà nù, kò bá ga nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá náà. Edé àti panla, ẹ má jẹ́ kó ju ìwọ̀nba tó máa ta sánsán nínú ọbẹ̀. Mínírà dúdú, sọ́séèjì àti páúdà funfun yẹn, kí wọ́n kúrò nílé pátápátá. Gbogbo èyí, òun ni mo kọ ọ́ fún pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò tirẹ̀ níwájú mi. Tiyín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tọ́jú yín bá yín wọ̀n ọ́n.

"Ṣé ẹ̀rọ ò wá lè fọ gbogbo ẹ̀ dànù ni?" Ọmọ rẹ̀ ló bi mí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó dára ni. Mo bá a ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ 1,000 mìlígíráàmù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lóòjọ́, ká ní 600 wọ ẹ̀jẹ̀, 4,200 nìyẹn lọ́sẹ̀. Fífọ ẹ̀jẹ̀ wákàtí mẹ́rin máa ń kó nǹkan bí 600 sí 1,000 jáde. Kódà ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kò lè kó o tán. Ọ̀pọ̀ ẹni tí mò ń rí kò lágbára ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, àwọn kan ẹ̀ẹ̀kan, owó ni. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fún wọn ní oògùn tó ń mú fọ́sífétì nínú ikùn.

Ìyá náà ní òun ní in. Ó fi ike rẹ̀ hàn mí: kálísíọ́mù ni, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Mo bi í pé ìgbà wo ló ń lò ó.

"Mo máa ń lo ọ̀kan kí n tó kírun àsùbáà, ọ̀kan lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ọ̀kan bí mo bá fẹ́ sùn. Mi ò pa á jẹ rí, ọmọ mi."

Kò pa á jẹ rí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú òfìfo ló ń dà á sí. Ẹfun tí à ń bẹ̀rù kó má lọ dì sínú òpó ẹ̀jẹ̀, inú ikùn la fẹ́ kó dì sí: kí kálísíọ́mù inú oògùn pàdé fọ́sífétì inú oúnjẹ níbẹ̀, kí wọ́n dì mọ́ra, kí wọ́n bá ìgbẹ́ jáde. Bí oúnjẹ kò bá sí níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dì mú, inú ẹ̀jẹ̀ ni kálísíọ́mù fúnra rẹ̀ yóò gbà lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a rà ní kẹ́mísì láìjẹ́ pé dókítà wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo bu omi fún un, mo ní kó fi ọwọ́ ṣe é bí ẹni ń jẹun kí n rí i. Ó fi ìka bu òkèlè tí kò sí níbẹ̀, ó mú un dé ẹnu. "Níbẹ̀ yẹn gan-an, mà," ni mo sọ, "kí ẹ rún un lẹ́nu pẹ̀lú òkèlè yẹn."